Àmín Tihomir Tó Sọnù Sára Ògiri

Ẹ jókòó, Kúmù, ṣùgbọ́n kì í ṣe sórí àga yẹn, ẹ jọ̀ọ́, àga Tihomir nìyẹn, ẹ wá síbí lẹ́bàá sítóòfù, ọtí rákíà rèé, kọfí ń bọ̀, ẹ má sì bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, nítorí kì í ṣe àlàáfíà, wọ́n ti sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé yìí, ọmọ tí mo fi inú mi bí ló di orí mú, ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ mú, wọ́n gbé e lọ sára ògiri, wọ́n gbọn eruku ọwọ́ wọn nù, wọ́n ní àwọn ṣe é kí ilé lè fẹ̀ fún Màmá ni.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Orí mi pé. Ọ̀fọ̀ kò tíì dà mí lórí rú. Ẹ yíjú sí ògiri ìlà-oòrùn, lábẹ́ àwòrán Máíkẹ́lì mímọ́, áńgẹ́lì tó ń ṣọ́ ìdílé wa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Sípíkà Tihomir, àbí? Àwọn méjì gíga pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn tó dà bí ilẹ̀kùn tó ń wá ilé tí yóò wọ̀. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró láyé rẹ̀? Ṣé ẹ rí wọn rí kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri bí àwọn ọmọ tí tíṣà bá wí? Wọ́n ní Kúmù, ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó ẹni, ju ọmọ ìyá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ di àbẹ́là mú lẹ́yìn wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin tí ẹ gba Ognjen ọmọ wa jáde nínú omi ìsàmì, ẹ̀yin tí ẹ dúró ti Tihomir nínú ẹgbẹ́ akọrin títí irun yín méjèèjì fi funfun, ẹ sọ fún mi, àbí irọ́ ni mo ń pa?

Ó dáa. Ẹ ṣáà gbọ́.

Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́. Tihomir kì í yé ṣàlàyé rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ kan ilé yìí ló ń gbọ́ ìwàásù náà, àní títí kan ọkùnrin tó wá ka mítà iná. Á ní àwọn sípíkà yìí kò ní àpótí nídìí, kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́, awọ kan ṣoṣo ni, tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, tí wọ́n nà sáàárín férémù, tó ń mì lọ síwájú, tó ń mì bọ̀ lẹ́yìn. Òun ló fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ń kọrin nínú wọn, ṣe ló dà bíi pé onítọ̀hún dúró sójú ẹni, a ó gbọ́ bí ètè rẹ̀ ti ń ya. Ṣùgbọ́n ohùn tó jáde níwájú, irú rẹ̀ jáde lẹ́yìn pẹ̀lú, wọ́n sì lòdì síra wọn, bí ti iwájú bá ń tì, ti ẹ̀yìn á máa fà. Ohùn òkè kò ní wàhálà, á lọ tààrà bí ọfà. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn béèsì, ni wàhálà dé bá, torí òun a máa yí kọ́nà, á rọra yí etí férémù po, á pàdé ìkejì rẹ̀, wọn á sì pa ara wọn. "Vida," á ní, "bí ọmọ ìyá méjì tó pàdé lórí ilẹ̀ baba wọn." Á wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n á jà títí, kò ní sí ẹni tí yóò kù lórí ilẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé wọn jìnnà sí ògiri, ó gbé wọn wá dé ibi tí ẹni tó ń lọ sílé ìdáná ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Ó ní kí ohùn ẹ̀yìn rin ìrìn àjò tó jìn, kó lọ kan ògiri, kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó padà wá bí ọmọ onínàákúnàá, kó wá dára pọ̀ mọ́ ti iwájú dípò kó bá a jà. Ó tú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù ìyá rẹ̀, igi àtàtà, ó dì í mọ́ etí wọn lóde bí ìyẹ́, kí ọ̀nà tí béèsì yóò yí gbà lè gùn. Nígbà tí mo bi í pé kí lèyí, ó ní Máíkẹ́lì ti ilé wa náà ní ìyẹ́, kò sì sí ẹni tó bi í. Ó kó òkúta láti orí òkè Vršac, ó fi tẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ kí férémù má baà jó nígbà tí awọ bá ń jó. Àwọn èèyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwa nìkan la ní ilẹ̀kùn láàárín yàrá láìní ògiri. Lọ́jọ́ ọdún Máíkẹ́lì tí ìdílé wa ń ṣe, bí a bá tẹ́ tábìlì, ẹni tó jókòó lápá ibí á máa na ọrùn wo ẹni tó wà lápá ọ̀hún. Àlùfáà á wá dúró láàárín méjèèjì láti gé búrẹ́dì ẹni mímọ́, Tihomir á fi ìgúnpá gún yín, á ní ẹ wò ó, ẹnu ọ̀nà pẹpẹ nìyẹn, àwọn èèyàn yìí ò kàn mọ̀ ni.

Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ rántí rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin ṣì kún. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀. Ní ìparí àdúrà ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohùn á rọlẹ̀, tẹ́nọ̀ á dákẹ́, àwọn obìnrin á dákẹ́, ẹ̀yin pàápàá á dákẹ́ nítorí ohùn yín kò débẹ̀, ẹ má bínú, òótọ́ ni, Tihomir nìkan á wá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Àmín, á máa sọ̀, á máa sọ̀, bí ẹni tó ń gbé àtùpà lọ sínú àjà ilẹ̀, títí ẹ ó fi rò pé àtẹ̀gùn ti tán, á tún wá sọ̀ kan sí i.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, màá tan àtùpà iwájú àwòrán, màá jókòó sórí àpótí kékeré yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, màá gbọ́ àdúrà yẹn nìkan. Mi ò mi orí. Mi ò mi ẹsẹ̀. Bí Àmín yẹn bá dé, ilẹ̀ á gbà á, àga á gbà á, èmi náà á gbà á níbí, lábẹ́ egungun àyà, màá mọ̀ pé àdúrà ọ̀sẹ̀ náà ti dé ibi tó ń lọ. Màá pa ẹ̀rọ. Màá lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Mo mọ̀ pé ọdún ọ̀fọ̀ kò tíì pé. Ẹ má kọ́ mi. Aṣọ dúdú wà lọ́rùn mi, ìborí dúdú wà lórí mi, mo fi aṣọ bo tẹlifísàn, mi ò tan rédíò, mi ò lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi. Ṣùgbọ́n Persida, aládùúgbò mi tó ń fi etí lẹ ògiri bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ bí àyà ògiri ti ń lù, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bi àwọn obìnrin léèrè pé irú opó wo ló ń gbé orin sí nínú ilé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì gbẹ lórí ọkọ rẹ̀. Orin. Ó pe àdúrà ní orin. Ọlọ́run yóò dárí jì í, èmi ṣì ń gbìyànjú.

Kì í ṣe tìtorí Persida ni mo ṣe pè yín. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Máíkẹ́lì mímọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Baba ti lọ, ẹni mímọ́ ilé ti di ti ọmọ, Ognjen ni baálé ọjọ́ náà, òun ni yóò dúró tí kò ní jókòó títí àlejò yóò fi jẹun tán. Bó ṣe yẹ nìyẹn, mi ò bá a du ú. Tijana ìyàwó rẹ̀ ti wá láti ràn mí lọ́wọ́, ọmọ dáadáa ni, bí mo bá sọ pé kò dáa, Ọlọ́run ń gbọ́, ó fọ fèrèsé, ó fọ kọ́tìnì, ó bi mí pé ṣé kí òun se àlìkámà fún ẹni mímọ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé tiwọn, mo ní rárá, ọmọ mi, nílé yìí òkú là ń se àlìkámà fún, a kì í sè é fún Máíkẹ́lì, kì í ṣe òkú, alààyè ni. Ó ní òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ sí ibojì láti tan àbẹ́là, kí n tó dé, ó ti kó kápẹ́ẹ̀tì yàrá yìí fún àwọn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì.

Kúmù, ẹ ò lè mọ ohun tí kápẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ fún mi. Ojú ẹsẹ̀ sípíkà wà nínú rẹ̀. Ìwúwo òkúta ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, àwọn ihò kékeré tó rì sínú irun rẹ̀, afọ́jú lè fi ìka wá wọn rí. Bí mo bá ń gbálẹ̀ tí mo sún wọn díẹ̀, màá dá wọn padà sínú ihò wọn, ó parí. Wọ́n gbé e padà wá, ó ń ta sánsán ọṣẹ, gbogbo irun rẹ̀ dìde dúró, àwọ̀ pupa tí mi ò rí láti ìgbà tí Ognjen ti ń rá lórí rẹ̀ tún yọ padà. Bí tuntun. Tijana dúró, ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí ó má baà gbọ́ ohùn mi.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ognjen ti tú ìyẹ́ wọn kúrò, ó kó wọn lọ sínú àká igi ìdáná. Mo ní kí ló dé? Ó ní wọ́n jọ ìdérí pósí, ojú òun ò gbà á mọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́, Kúmù. Ọmọ tó gbé pósí baba rẹ̀ lé èjìká ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti sípíkà méjèèjì mọ́ ògiri, ó dúró síwájú àwòrán, ó ní: "Màmá, láti kékeré mi ni mo ti ń yọjú wo ẹni mímọ́ wa láàárín ilẹ̀kùn méjì. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i." Ilé ti di tirẹ̀, ẹni mímọ́ ti di tirẹ̀, ẹnu wo ni opó fi ń bá baálé jiyàn lórí ibi tí tábìlì yóò dúró?

Wọ́n lọ tán. Ọjọ́ Ìsinmi dé, mo tan àtùpà, mo jókòó sórí àpótí mi, mo gbé àdúrà náà sí i. Tẹ́nọ̀ wà. Àwọn obìnrin wà, wọ́n mọ́ gaara. Mo gbọ́ ẹ̀yin náà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìta. Ó wá kan Àmín. Gbogbo ohùn rọlẹ̀. Mo ń dúró. Mo gbọ́ ìgbà tó mí sínú, ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan mọ́. Ètè ń ya, kò sí ohùn. Àdúrà dúró síbẹ̀ bí ẹni tó na ọwọ́ tí kò sí ẹni tó gbà á. Mo tún gbé e sí i. Ó tún mí sínú. Kò sí nǹkan kan.

Ẹ gbọ́, ẹni tó kú ti kú. Mo se àlìkámà Tihomir fúnra mi, mo bu ṣúgà lé e lórí, mo jẹ nínú rẹ̀, mo ti gbà fún Ọlọ́run. Mi ò ní kó jí i fún mi kí kàkàkí ìkẹyìn tó dún. Àmín rẹ̀ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Ṣé ìyẹn náà ti pọ̀ jù fún opó?

Mo pe Ognjen. Ó wá, kò falẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ra àpótí kan wá láti Belgrade, dúdú, ó ká jọ sílẹ̀ bí ajá tó ń sùn, ó ní béèsì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sí kọ́nà gan-an, lábẹ́ àtùpà. Ẹ ì bá wà níbẹ̀, Kúmù. Àmín dé, ó bú jáde bí akọ màlúù tó há sínú àgbá, gíláàsì àtùpà ń gbọ̀n, òróró ta sára ògiri, Persida fi igi ìgbálẹ̀ gbá ògiri lódìkejì. Ọmọ mi ń wojú mi, ó ń bi mí pé ṣé mo gbọ́ ọ báyìí. Mo gbọ́ ọ. Ìró kan náà ló ń dún fún gbogbo ọ̀rọ̀, ó wú, kò ní ètè, kò ní eyín, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá ló ń dé, bí ọ̀mùtí tó ń dáhùn àdúrà. Tihomir kò bú mọ́ Ọlọ́run rí láyé rẹ̀. Ognjen gbé e lọ sí kọ́nà mìíràn, ó yí agbára rẹ̀ sílẹ̀, ó sàn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n àlejò ló jẹ́ nínú ohùn ọkọ mi, bí ẹni tó wọ aṣọ òkú wọlé. Ó tún fún mi ní nǹkan tí wọ́n fi ń bo etí. Mo gbọ́ Àmín nínú ìyẹn, ó péye. Àmọ́ inú orí mi ló wà. Ṣé inú orí mi ni Tihomir ń gbé ni? Inú yàrá yìí ló gbé, ilẹ̀ yìí ló ń tẹ̀.

Mo ní kí a fa sípíkà padà. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ ẹni mímọ́, Màmá. Lẹ́yìn ọjọ́ ẹni mímọ́! Kí ọjọ́ Máíkẹ́lì àkọ́kọ́ láìsí baba rẹ̀ kọjá nínú ilé yìí, kí àlùfáà gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe Àmín rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a wá máa wá a.

Bó ṣe lọ ni mo fà wọ́n fúnra mi. Ẹ má jágbe mọ́ mi, mo ti fà wọ́n ná. Mo fi ìdí tì wọ́n, mo fi orúnkún tì wọ́n, mo gbé wọn síbí, mo gbé wọn sọ́hùn-ún, mo lọ jókòó, mo gbọ́, mo dìde, mo tún tì wọ́n. Níbì kan, ó dún bí ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń kan pátákó. Níbì kan ó dé, omi ayọ̀ bọ́ lójú mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi tó yẹ kó tẹ ẹsẹ̀ kejì lé, ó já ṣòfo. Mo gbé ìyẹ́ kan wá láti inú àká, agbára mi ò ká a láti dì í mọ́ ọn. Mo tì wọ́n padà sára ògiri kí Tijana má baà rí i kó rò pé mo kẹ́gàn iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, mo ń wá ihò. Obìnrin tó tó mi yìí, mo ń tan ilẹ̀ bí adìẹ.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Kò burú. Tihomir ì bá rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, Kúmù. Ọ̀rọ̀ ti kàn yín wàyí, ẹ má wo inú kọfí. Ẹ rò pé mi ò rí yín? Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ẹ ti ń dúró láàárín àwọn akọrin tí ẹ ń la ẹnu bí ẹja. Ètè yín ń lọ, ohùn kò sí. Àlùfáà rò pé ọ̀fun ló ń dùn yín. Àwọn obìnrin ní ogbó ló dé. Èmi mọ̀. Ẹ ti pinnu pé ẹ ò ní kọ béèsì mọ́ títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé, ẹ ní ẹ fi ń bu ọlá fún un, ìyàwó yín ló sọ fún mi. Kúmù mi, ṣé dídákẹ́ ni wọ́n fi ń bu ọlá fún béèsì? Òpó kan wó nínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òpó kejì wá jókòó sílẹ̀ kí ẹ lè bá a kẹ́dùn? Lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe Àmín bí ológoṣẹ́. Mo tún délé, sípíkà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbo ni kí n gbé àdúrà mi lọ?

Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tó wá ipò fún àwọn sípíkà wọ̀nyẹn? Ẹ rántí. Mo rí i lójú yín. Ó ti sún wọn títí ó fi sú u, ẹ wọlé dé, ó ní kí ẹ jókòó sórí àga òun, kí ẹ kọ ohùn yín tó nípọn jù, kí ẹ dì í mú, kí ẹ má jẹ́ kó bọ́. Òun alára kúnlẹ̀, ó ń rá kiri yàrá, ó dijú, ó dẹtí sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan náà ni àlọ àti àbọ̀, ibi tí ohùn orí àga bá ti dé lódindi, ibẹ̀ gan-an ni kí sípíkà dúró sí, ohùn tirẹ̀ náà yóò dé orí àga lódindi. Yàrá kan náà, Kúmù, níbì kan ohùn yín kú fin-ín fin-ín, ó sún díẹ̀ síwájú, ó jí. Mo gbé kọfí wọlé, mo bá ọkọ mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀yin ń kùn bí ilé oyin, mo ní ẹni mímọ́ tuntun wo lẹ ń ké pè níbí? Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ikùn yín, ohùn já, Tihomir fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ó rí ibẹ̀. Ó bọ́ sílípáàsì kan lẹ́sẹ̀, ó fi sàmì síbẹ̀, ó tún rá lọ sí òdì kejì, ó bọ́ ìkejì.

Nítorí náà, ohun tí mo pè yín sí rèé. Ẹ dìde níbi sítóòfù yẹn, kí ẹ lọ jókòó sórí àga yẹn. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ má jókòó síbẹ̀. Èmi náà ló ń bẹ̀ yín báyìí.

Rárá, ẹ má mẹ́nu kan ọ̀fọ̀. Ta ló wọ dúdú, èmi tàbí ẹ̀yin? Àwọn obìnrin tó bá òkúta ní yíyí kúrò lẹ́nu ibojì, wọn ò sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró dìgbà tí ọdún bá pé kí wọ́n tó la ẹnu. Persida yóò gbọ́. Kó gbọ́. Kó lọ kéde rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé Àmín ló sọnù nílé opó Tihomir, pé opó náà àti Kúmù rẹ̀ ló ń wá a.

Bí a bá ti rí ibẹ̀, ẹ ó bá mi gbé wọn débẹ̀, ẹ ó kó ìyẹ́ wọn wá láti inú àká, ẹ ó dì í mọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó ránṣẹ́ pe Ognjen. Ẹ má bá a jà. Ọmọ kì í sọ ọ̀rọ̀ Kúmù nù. Ẹ sọ fún un pé tábìlì ni kó yẹra, kó tẹ́ ẹ sí yàrá kejì, tábìlì kò ní ohun tó fẹ́ sọ. Kí àlùfáà dúró láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì bó ti ń dúró. Bó bá sì ní ojú òun ò gba ìyẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ jókòó sórí àga baba rẹ̀ kí àlejò tó dé, kó dijú, kó gbọ́ bí baba rẹ̀ ti ń ṣe Àmín, nítorí láti ọdún yìí lọ, òun ni yóò máa ṣe é níwájú gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì tíì kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rọra. Àga náà á dún, bó ti máa ń dún nìyẹn. Ẹ fẹ̀yìn tì í. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ sunkún ná. Kò sí wàhálà, mo ń dúró. Èmi náà ti sun tèmi nílé ìwẹ̀.

Ó yá. Ẹ mí sínú. Ẹ jẹ́ kí n di ẹsẹ̀ tábìlì mú kí n fi lè kúnlẹ̀, orúnkún mi yìí á kọrin jù yín lọ. Ìsàlẹ̀ sí i, Kúmù, ìyẹn ṣì jẹ́ tẹ́nọ̀. Ìsàlẹ̀ sí i.

Ìyẹn. Ẹ dì í mú.

Kò sí níbí. Kò sí níbí náà, mi ò gbọ́ yín rárá, ṣe ló dà bíi pé ẹ ti lọ sílé. Ẹ má dákẹ́. Ẹ mí díẹ̀, ẹ tún mú un. Ó ń bọ̀. Ó wà lára ilẹ̀, ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń gba apá mi bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí, ẹ dijú, ẹ ṣáà dì í mú. Ọlọ́run mi. Ibí ni. Ibí ló wà látọjọ́ yìí.

Mi ò wọ sílípáàsì. Ẹ dúró kí n tú ìborí mi. Ẹ má sọ fún Persida pé mo ṣí orí sílẹ̀ kí ọdún tó pé. Ẹ wò ó, mo tẹ́ ẹ síbí, dúdú lórí pupa, kẹ́nikẹ́ni má fọ̀ ọ́.

Ẹ tún mí sínú, Kúmù. Ó ku ti sípíkà ọwọ́ òsì.